Ọ́ọ̀fù-Róòdù Mọ̀ríámọ̀

Nínú agboolé Alhaji Ṣítù ní Sakasaka, láàárín ìlú Tamale, wọn kò tíì jáwọ́ nínú àṣà ṣíṣú opó, bí àlùfáà tilẹ̀ ń fojú ẹ̀gbẹ́ kan wò ó. Bí ọkùnrin kan bá kú, tí opó rẹ̀ sì ti parí ìdúró ọ̀fọ̀ rẹ̀, àwọn àgbà á pè é jókòó, wọn á to pákò sórí àwo síwájú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tí ó ṣẹ́kù nínú ẹbí. Èyí tí ó bá mú nínú wọn, ẹni tí ó ni pákò náà ni ọkọ rẹ̀ tuntun. Ẹ̀fẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dà láyé ìsinsìnyí. Opó á rẹ́rìn-ín, á ní àwọn ọmọ òun tó òun í bá gbé, wọn á jẹ wáàkyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà tí Tamale kì í fi ṣeré, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Mọ̀ríámọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó kó gbogbo pákò náà pọ̀, ó dìde, ó gba àárín wọn kọjá lọ sí ìdí igi dóńgóyárò, níbi tí bọ́ọ̀sì ọkọ rẹ̀ wà láti ọjọ́ tí Ìsá ti kú, ó sì kó wọn lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Mo ti yan tèmi," ló wí.

Alhaji Ṣítù, ẹ̀gbọ́n Ìsá, tí í ṣe olórí ẹbí, wo pákò, ó wo bọ́ọ̀sì. "Ìyàwó wa, mọ́tò nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ gbé mi wọlé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, tí ẹ ní gbogbo ohun tí mo bá bá nínú ilé yìí, ọkọ mi ni, n kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Mo bá àbúrò yín tó kéré jù lẹ́nu ọmú. Bàbá Kékeré ni mo ń pè é títí dòní. Mo bá bọ́ọ̀sì yìí náà nílẹ̀. N kò pe òun náà lórúkọ rí. Ọkọ ni, ọkọ̀ ni, àmì tín-ń-tín kan ló là wọ́n láàárín."

Wáàkyé há àgbà kan lọ́fun. Kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó yẹ kí òun ti rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tí ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ jáde níjókòó náà, tí gbogbo wọn sì mọ̀, ni pé Alhaji ti bá ẹnì kan ṣàdéhùn lórí bọ́ọ̀sì náà, ọlọ́sìn adìẹ kan tí ó fẹ́ yọ àwọn ìjókòó rẹ̀ dànù kí ó máa fi kó ẹyin. Mọ̀ríámọ̀ ló rán àwọn ìjókòó ọ̀hún. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní ìsọ̀ kan ní Lamashegu tí ó ti ń rán awọ ìjókòó fún takisí àti bọ́ọ̀sì, kò sì sí awakọ̀ gidi kan nílùú tí ìdí rẹ̀ kò tíì kan iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ojú Ìsá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, òun ló ń wa bọ́ọ̀sì náà, tí Ìsá á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí á máa bá a tẹ bíréèkì lórí ilẹ̀ lásán. Bí wọ́n bá gbé mọ́tò yìí lọ, ohun tí yóò ṣẹ́kù fún un nínú ilé náà ni orúkọ opó.

Alhaji nu ẹnu. Kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń fi ọ̀rọ̀ dè mọ́lẹ̀ kí ó má wá okùn tirẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Ọkọ tó bá ń ṣiṣẹ́, a kì í lé e. Máa gbé e. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ẹni tó wà níbí jẹ́rìí sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ pé bọ́ọ̀sì yìí di ọ́ọ̀fù-róòdù, lọ́jọ́ yẹn ni ẹlẹ́yin ó wá gbé e."

"Mo gbọ́, Alhaji."

Alhaji kọjú sí àwọn àgbà. "Ṣé ẹ jẹ́rìí?"

"A jẹ́rìí," ni àwọn àgbà wí.

Ó yẹ kí á là á yé ẹni tí kò bá awakọ̀ Tamale ṣe pọ̀ rí. Lẹ́nu tiwọn, ọ́ọ̀fù-róòdù ni mọ́tò tí àìsàn ti mú kúrò lójú títì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè wà nílẹ̀, ó lè máà ní táyà, ó lè jẹ́ pé wáyà rẹ̀ ni eku jẹ. Bí awakọ̀ bá sọ pé mọ́tò òun ti di ọ́ọ̀fù-róòdù, ó dà bí ẹni sọ pé ìyá òun wà lórí àkéte àìsàn. Ẹni tó bá gbọ́ á mi orí, á ní kí Ọlọ́run bá a gbé e dìde.

Kò sì sí ẹni tí ó kórìíra ọ̀rọ̀ náà tó Alhaji. Ọmọdé ni ní ọdún tí ìjọba ní kí àlejò tí kò bá níwèé, títí kan àwọn Yorùbá bíi tiwọn, kúrò ní Ghana. Bàbá wọn ní lọ́rì kan, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni lọ́rì náà wà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tú sílẹ̀ bí ẹran iléyá. Àwọn tí mọ́tò wọn ń rìn kó ẹrù, wọ́n kó ìyàwó, wọ́n kó ewúrẹ́. Bàbá Ṣítù àti àwọn ọmọ rẹ̀ ru ìwọ̀n tí orí lè rù, wọ́n lọ bẹ ẹlòmíràn fún àyè lẹ́yìn mọ́tò. Nígbà tí ayé rọ̀, tí bàbá padà wá, ó bá lọ́rì rẹ̀ níbi tí ó fi í sí gan-an, igi kan ti gba inú bọ́nẹ́ẹ̀tì yọ sókè, ó ti ń so èso. Láti ìgbà náà ni Alhaji ti ń wí fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé, "Mọ́tò tí kò bá sí lójú títì lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé ọ, kì í ṣe mọ́tò rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà lọ́gbọ́n nínú. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí yóò wà lójú títì gbọ́dọ̀ ní ibi tí ó ń lọ. Àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ nínú wọn ti gba èrò ọ̀nà Kumasi tán. Nínú ìlú, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní yẹ́lò-yẹ́lò ti kó ìyókù. Ummuhani ló mú ọ̀nà mìíràn wá. Ummuhani ni ọmọ Mọ̀ríámọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló wà tí ó ń kọ́ nípa ìrìn-àjò afẹ́. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá di sísọ, "o" ni ó ń pe gbogbo ẹ̀dá, láti orí ọmọ ọwọ́ dé orí imáàmù.

"Màmá, wo," ó na fóònù sí ìyá rẹ̀. "Kọ́ńsẹ́ẹ̀pù fáànù. Èmi ló yà á."

Bọ́ọ̀sì wọn ni, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí ó lọ wọ iṣẹ́ ṣọ́jà. Ó dúró lórí táyà gàgàrà, ó fi irin bo imú, àkàbà wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ṣí ìhò sí òrùlé tí àwọn ènìyàn yọ orí jáde láti ibẹ̀, tí wọ́n ń wo erin.

"Kí ni kọ́ńsẹ́ẹ̀pù?" ni Mọ̀ríámọ̀ bi í.

Ummuhani wá Yorùbá rẹ̀ títí. "Nǹkan tí kò tíì sí, ṣùgbọ́n o ti rí i."

"Oyún nìyẹn."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ lọ wo erin ní ọgbà ẹranko Mole ló máa wọ̀ ọ́. Sàfárí. Kò nílò ojú títì, inú igbó ló ń gbà. Ọ́ọ̀fù-róòdù ni wọ́n ń pè é."

Mọ̀ríámọ̀ bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan gbọ́. "Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ayé."

"Gbogbo ayé ń fi orúkọ mọ́tò tó ti kú pe mọ́tò tó le débi pé kò fẹ́ ojú títì mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín nígbà náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Ìsá ti kú. Ẹ̀rín ẹni tó rí àdá he lójú ọ̀nà oko ni.

Kí oòrùn tó yẹ̀, ìròyìn ti dé Sakasaka pé Mọ̀ríámọ̀ fẹ́ ṣe fáànù. Alhaji ní ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí ooru ọdún náà pọ̀. Ó béèrè bóyá ti òkè àjà ni tàbí ti ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n là á yé e pé bọ́ọ̀sì ni, pé ó ṣì wà nínú oyún, ó ní kí wọ́n bu omi wá fún òun.

Ìsọ̀ Sadiq ni wọ́n gbé bọ́ọ̀sì náà lọ, ní Kpalsi. Dagomba ni Sadiq, ajórin ni, kò sì lè gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Hausa tó láàárín wọn. Ó yẹ àwòrán inú fóònù náà wò, ó pẹ́.

"Hajia," ó wí, bẹ́ẹ̀ Mọ̀ríámọ̀ kò tíì dé Mẹ́kà, "ta la fẹ́ bá jagun?"

"A ò bá ẹnikẹ́ni jagun. Erin la fẹ́ lọ kí. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n dá wa lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀."

"Ṣé erin sọ pé àwọn ń retí yín?"

"Sadiq, gé irin."

Ó gé irin. Wọ́n fi sípíríǹgì típà gbé ara mọ́tò sókè, wọ́n wọ táyà tí eyín rẹ̀ dà bí ti pákó ìrin gàrí sí i, wọ́n rọ irin mọ́ iwájú, wọ́n so àkàbà mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n sì ṣí òrùlé. Ìjókòó nìkan ni Mọ̀ríámọ̀ kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn. Ó ra awọ pupa lọ́wọ́ àwọn aláwọ ìlú, ó to ìjókòó ní ẹsẹẹsẹ, èyí tó wà lẹ́yìn ga ju tiwájú lọ, kí orí ẹnikẹ́ni má baà dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àtirí erin. Ó fi aṣọ fúgù tẹ́ abẹ́ òrùlé, aláwọ̀ aró àti funfun, irú èyí tí àwọn ìjòyè ìlú fi ń rán dàńṣíkí.

Wàhálà kan ló wà níbẹ̀. Mọ́tò tó wà lọ́dọ̀ ajórin, ọ́ọ̀fù-róòdù ni, Alhaji sì ti fi ẹni tí yóò máa wò ó síbẹ̀. Nítorí náà, láràárọ̀, kí Sadiq tó tan iná, Mọ̀ríámọ̀ á wọ inú bọ́ọ̀sì náà ní ipòkípò tí ó bá wà, á wà á láti Kpalsi títí dé ẹnu ọ̀nà Alhaji ní Sakasaka, á fọn fèrè, á yọ orí síta, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Alhaji, a ṣì wà lójú títì," á sì yí padà. Ó wà á nígbà tí kò nílẹ̀kùn. Ó wà á nígbà tí kò ní gíláàsì. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yọ ìjókòó, orí àpótí mínírà ló jókòó sí. Ọlọ́pàá kan dá a dúró lọ́jọ́ kan, ó bi í pé níbo ni òrùlé mọ́tò wà. Ó ní ó wà lọ́dọ̀ ajórin. Ọlọ́pàá ronú sí i, ó ní kí ó máa lọ, nítorí ó ṣòro láti mú ènìyàn tí kò purọ́. Àwọn awakọ̀ ibùdókọ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un bí ó bá ti ń kọjá, wọ́n ń pè é ní Ìyá Abọ́ṣọlójú-Títì, nítorí lójoojúmọ́ ni mọ́tò rẹ̀ ń bọ́ aṣọ kan sílẹ̀. Ó ń ju ọwọ́ sí wọn. Kò wo ẹ̀yìn.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó pe Anas, akunmọ́tò. Anas bi í pé kí ni òun ó kọ sára rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa kọ àdúrà, àwọn mìíràn a máa kọ èébú fún àwọn ọ̀tá wọn.

"Kọ ọ́ọ̀fù-róòdù. Apá ọ̀tún àti apá òsì. Kí ó tóbi."

Anas gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Màmá, ṣé ara yín dá?"

"Ara mi dá. Bí o bá ṣì í kọ, ìwọ ni ara rẹ ò ní dá."

Anas kọ ọ́, lẹ́tà funfun lórí ilẹ̀ pupa. Kò tíì gbẹ tí yẹ́lò-yẹ́lò kan fi já Alhaji sílẹ̀. Ó yí mọ́tò náà ká. Ó ka apá kan, ó lọ ka apá kejì, bóyá wọ́n kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀.

"Mọ̀ríámọ̀," ó wí, "mo ti rí ẹni tó purọ́ kí wọ́n má baà mú un. N kò tíì rí ẹni tó jẹ́wọ́ kí wọ́n tó bi í, tó tún fi ọ̀dà kọ ọ́."

Ummuhani sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. "Alhaji, kò yé ọ ni. Ọ́ọ̀fù-róòdù ti sàfárí kọ́ nìyẹn tí o ń sọ—"

"Ta ló ń jẹ́ o?"

"Ẹ má bínú, Alhaji," Mọ̀ríámọ̀ dá sí i. "Ilé-ẹ̀kọ́ ló bà á jẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé, níbòmíràn lágbàáyé, ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí mọ́tò alágbára tí kò bìkítà fún ojú títì."

"A ò sí níbòmíràn. Tamale la wà. Kí ló dé tí o fi kọ ọ́?"

Mọ̀ríámọ̀ nu ọ̀dà lọ́wọ́. "Nítorí ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dẹ́rù bà mí láti ọjọ́ tí mo ti jáde opó. Bí mo bá sùn, òun ni mò ń lá. Bí ẹ́ńjìnnì bá wúkọ́, òun ni mò ń gbọ́. Mo ní kí n kúkú gbé e síta, kí gbogbo ayé máa kà á, kí n wò ó bóyá yóò bù mí jẹ."

Alhaji na ọwọ́. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Lọ́la ni mo ń gbé àwọn nọ́ọ̀sì kan lọ sí Mole, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì láti Kumasi. Bí mọ́tò bá kú lójú ọ̀nà, ibi tó bá kú sí ni kí ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́."

"Ta ni yóò sọ ibi tó kú sí fún mi? Ìwọ?" Alhaji tún jálàbíà rẹ̀ ṣe. "Èmi fúnra mi á bá yín lọ. Èmi ni n ó pa ojú rẹ̀ dé."

"Ọ̀túnla ni yìgì Bàlkísù ọmọ yín o. Ẹ̀yin lẹ máa fi í fún ọkọ."

"Lẹ́yìn ìrun Alásàrí ni. Mọ́tò yìí ò ní ré Yapei kọjá. Ilé ni n ó ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́la."

Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì nínú jálàbíà funfun tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀, kò gbé àpò, kò gbé ìpààrọ̀ aṣọ, tẹ̀sùbáà àti fóònù nìkan ló mú dání. Àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́rin náà ti jókòó. Mariama ni olórí wọn, obìnrin ńlá kan tí wọ́n bí ní Sóńgò Kumasi, tí Hausa rẹ̀ yára bí ìbọn. Ó bi Mọ̀ríámọ̀ pé ta ni bàbá yìí.

"Olórí ẹbí wa ni. Ó ń retí kí mọ́tò kú."

"Mo ti tọ́jú irú wọn pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́," ni Mariama wí. "Wọn á jókòó ti aláìsàn, wọn á máa wo aago."

Wọ́n ré Yapei kọjá. Nígbà tí wọ́n gun afárá odò ibẹ̀, Alhaji wo bọ́ọ̀sì náà bí ẹni tí wọ́n ṣe àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀ tí wọn kò mú un ṣẹ. Wọ́n ré Fufulso kọjá, wọ́n ré Damongo kọjá. Nígbà tí wọ́n dé Larabanga, ó ti jẹ wasawasa, èlùbọ́ tí wọ́n fi ooru omi sè, lọ́wọ́ Mariama, ó sì ti dákẹ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀sán. Nínú ọgbà ẹranko, ọdẹ kan gun iwájú pẹ̀lú ìbọn láti máa júwe ọ̀nà, Mọ̀ríámọ̀ sì yà kúrò lójú ọ̀nà wọ inú koríko. Mọ́tò náà gun òkìtì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn. Àwọn nọ́ọ̀sì yọ orí jáde lókè, wọ́n ń kọrin ìsìn ní èdè Twi. Alhaji di ìjókòó mú.

Akọ erin kan jáde láti ibi omi. Ó wá tààrà, láìyára, bí ẹni tó ń bọ̀ wá gba owó ọjà. Àwọn nọ́ọ̀sì fa orí wọlé. Ó dúró ti mọ́tò náà, ó fi ọwọ́jà rẹ̀ kan irin iwájú, ó fi kan lẹ́tà tí Anas kọ, ó wá fi ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó sì ń họ ara. Bọ́ọ̀sì ń mì jọ̀jọ̀. Alhaji dijú, ó ń ka tẹ̀sùbáà, ètè rẹ̀ yára ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

"Alhaji," Mọ̀ríámọ̀ rọra wí láti iwájú, "oníbàárà yín dé. Ó ń wò ó bóyá òun lè rà á."

Alhaji kò la ojú. "Sọ fún un pé ẹlẹ́yin ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀."

Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín láti ìgbà ayé Ìsá. Kò pẹ́. Erin họ ara tán, ó lọ. Alhaji náà sì rántí pé ìjà làwọn wà.

Ibẹ̀ ni wọ́n sùn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kírun Jímọ̀ ní Larabanga, wọ́n sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n, àyè ìrun Alásàrí ṣì wà dáadáa. Láàárín Damongo sí Fufulso ni ojú títì ti tán. Tírélà oníṣu kan ti ṣubú dábùú ọ̀nà, iṣu kún ilẹ̀ títí dé inú gọ́tà lápá méjèèjì, mọ́tò sì ti tò láti iwájú tírélà náà títí ojú ò fi lè rí òpin rẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀sì Tamale wà níbẹ̀, àwọn awakọ̀ ibùdókọ̀ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún Mọ̀ríámọ̀ tẹ́lẹ̀ jókòó sábẹ́ igi èmì, wọ́n ń bó ọsàn. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí yóò gbé tírélà náà ṣì ń bọ̀ láti Tamale, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí yóò dé.

Mọ̀ríámọ̀ tẹ̀ ẹ́ dúró lẹ́yìn wọn. Ní apá òsì, ọ̀nà màlúù kan wà, ọ̀nà tí àwọn Fúlàní ń gbà da ẹran lọ sómi. Ó wọ inú igbó, ó yí òkè kan po, ó sì dorí kọ Fufulso. Ó wò ó. Alhaji náà wò ó. Fóònù Alhaji dún. Wọ́n ní àwọn àna ti dé, wọ́n ti tẹ́ ẹní, níbo ni bàbá ìyàwó wà.

Ó pa fóònù. "Mọ̀ríámọ̀. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ yẹn."

"Mo rí i, Alhaji." Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Kí lo pa á sí?"

"Bí mo bá yà síbẹ̀, mo ti kúrò lójú títì nìyẹn. Bí mo bá sì kúrò lójú títì, ẹ ní ẹlẹ́yin ó gbé e. Mo fẹ́ràn ojú títì báyìí, Alhaji. N ó jókòó síbí, kí n máa tẹ̀lé òfin yín."

Àwọn awakọ̀ ti dìde, wọ́n ń bọ̀ wá gbọ́, ọsàn lọ́wọ́.

"Yà díẹ̀," ni Alhaji wí.

"Díẹ̀ náà ti kúrò lójú títì."

"Ṣe bí o bá ti mọ̀ ọ́n ṣe."

"Èmi ò mọ nǹkan kan. Ẹ̀yin lolórí ẹbí."

"Ṣé ìwọ ò mọ̀ pé ọmọ mi ń retí mi ni?"

Ohùn rẹ̀ já díẹ̀ níbẹ̀, Mọ̀ríámọ̀ sì gbọ́ ọ. Ó fẹ́ràn Bàlkísù. Òun ló kọ́ ọ ní ìránṣọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìtọ́kọ̀ mú kí ọwọ́ rẹ̀ má baà lọ tan mọ́tò láìgbàṣẹ rẹ̀. Bí ó bá ṣàánú báyìí, lọ́la ni wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dé dúró.

"Mo mọ̀, Alhaji. Èmi náà ní ohun tí mò ń retí. Ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ kí àwọn wọ̀nyí gbọ́."

Mariama yí ọrùn padà lórí ìjókòó rẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ojú aláìsàn tí kò fẹ́ lo oògùn. "Bàbá," ó wí ní Hausa, "ẹ gbé e mì. Kò ní pẹ́ lẹ́nu."

Alhaji dìde. Nítorí pé òrùlé ṣí, tí ìjókòó ẹ̀yìn sì ga, orí rẹ̀ yọ jáde lókè mọ́tò láìròtẹ́lẹ̀, ó wà níwájú gbogbo awakọ̀ Tamale bí ẹni tó fẹ́ ka wáásí.

"Mo gbé ọ̀rọ̀ mi kúrò lórí mọ́tò yìí," ó wí. "Mo sọ pé bó bá di ọ́ọ̀fù-róòdù, n ó gbà á. Ó ti di ọ́ọ̀fù-róòdù. Èmi ni mo ní kó di bẹ́ẹ̀."

"Ta ló wá ni ín?" Mọ̀ríámọ̀ béèrè láti ìsàlẹ̀.

"Ìwọ."

"Lọ́jọ́ tó bá dára nìkan ni, tàbí lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́ náà?"

"Mọ̀ríámọ̀, ọkọ ìyàwó ti jókòó."

"Mò ń gbọ́, Alhaji."

"Lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí igi bá hù nínú rẹ̀ náà. Tìẹ ni. Ó yá."

Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó sì yà. Awakọ̀ kan fẹ́ fi bọ́ọ̀sì tirẹ̀ tẹ̀ lé e, kò rìn jìnnà kí ikùn mọ́tò rẹ̀ tó jókòó lé ilẹ̀. Ọ̀nà màlúù náà tóóró, ẹ̀gún ń họ ọ̀dà Anas, wọ́n gba inú odò gbígbẹ kan kọjá, wọ́n yẹ oko iṣu kan sílẹ̀ kí ebè ẹnikẹ́ni má baà bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni táyà yí lásán nínú iyanrìn. Àwọn nọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀, wọ́n kó ẹ̀ka igi sábẹ́ rẹ̀, Alhaji náà bọ́ sílẹ̀, ó fi èjìká tì í. Nígbà tí wọ́n jáde sójú títì nítòsí Fufulso, kò sí ẹni tó lè sọ àwọ̀ aṣọ tí wọ́n fi rán jálàbíà Alhaji.

Àwọn èrò yìgì ti ń palẹ̀ ìrun mọ́ nígbà tí bọ́ọ̀sì náà dé Sakasaka. Alhaji gba àkàbà ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ sójú àwọn àna rẹ̀, eruku bò ó láti irùngbọ̀n dé bàtà. Ẹnì kan bi í bóyá ọ̀nà ló dí.

"Ọ̀nà dí," ló wí. "Àwa ò dí." Ó bu omi, ó ṣàlùwàlá, ó lọ fi ọmọ rẹ̀ fún ọkọ.

Láti ìgbà náà, Mọ̀ríámọ̀ ti ń gbé èrò lọ wo erin, àwọn awakọ̀ ibùdókọ̀ sì ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Ọ́ọ̀fù-Róòdù ni wọ́n ń pè é báyìí, obìnrin náà àti mọ́tò pọ̀. Bí ó bá kọjá, wọ́n á ní, "Ọ́ọ̀fù-Róòdù ń lọ," bí ẹni ń kí ọba. Ó tún bọ́ọ̀sì náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì tí ó bàjẹ́, ó jẹ́ kí ó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ Sadiq fún ìgbà tó bá wù ú, kò wà á lọ kí ẹnikẹ́ni kú àárọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ yìí, ó ń gbé àwọn olùkọ́ kan lọ, ni Alhaji bá yọ, ó gbé àpò aṣọ dání lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó.

"Alhaji, èrò tó sanwó ló ni iwájú."

"Èmi ni olórí ẹbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, olórí ẹbí. Ẹ bọ́ sẹ́yìn."

Ó wò ó. Mọ̀ríámọ̀ náà ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ lórí kọ́kọ́rọ́, kò yí i. Àwọn olùkọ́ dúró sílẹ̀, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò wò. Nígbà tó pẹ́, Alhaji gbé àpò rẹ̀, ó gun ẹ̀yìn lọ.

"Ìjókòó yìí le," ó ké láti ẹ̀yìn.

"Bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn," ni Mọ̀ríámọ̀ wí, ó sì tan mọ́tò.